Ìbàdí Ganíyátù

Ojú ewé kẹtàdínlógún nínú ìwé ìwọ̀n mi:
Ganíyátù, ará Ògánlá,
ìbàdí, méjìlélọ́gọ́rin.
Bíró pupa ni mo fi kọ ọ́.
Ó san ẹgbẹ̀rún méjì fàráńkì sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá, ó wá wọ ẹ̀wù náà wò.
Síìpù gòkè dé ìdajì, ó dúró
bí ewúrẹ́ tó dé etí omi.
“Ìwọ aránṣọ yìí, o ti yọ nínú aṣọ mi!”
Mo fa téèpù jáde. Márùndínláàádọ́rùn-ún.
Mo tún un wọ̀n. Téèpù kì í ṣe ojúsàájú.
Òrùka ti há mọ́ ọn lọ́wọ́,
okùn bàtà ti fa ilà sí i lẹ́sẹ̀.
Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé ẹ̀bà alẹ́ ni. Mo gbé e mì.
Ọdún méjìdínlógún nídìí ẹ̀rọ
ti kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí à ń gbé mì.

Àǹtí Odílì agbẹ̀bí wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de yẹ̀rì rẹ̀.
Kò tilẹ̀ gbójú sókè.
“Ọjọ́ mélòó ló kù kí nǹkan oṣù rẹ dé?”
Ganíyátù ka ìka. Mẹ́rin.
“Fi aránṣọ sílẹ̀ o. Kíndìnrín rẹ ni kí o bá sọ̀rọ̀.”

Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, síbi tí ọ̀sà ti ń dán lẹ́yìn òrùlé páànù.
“Ṣé ẹ rí omi yẹn?
Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ ń ti òkun gòkè wá bá a.
Bí Wẹ̀mẹ̀ bá kún, iyọ̀ á tún padà sẹ́yìn.
Ọ̀sà kan náà ni.
Ẹnikẹ́ni nínú Àjàṣẹ́ ò pè é ní ẹlẹ́tàn.

“Ilé ẹyin ń rán ońṣẹ́ méjì sínú ẹ̀jẹ̀.
Ẹ́sítírójìn á dé ẹnu ọ̀nà kíndìnrín, á ní:
Ẹ má tíì da omi nù, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ pamọ́,
ta ló mọ̀ bí àlejò ń bọ̀ lóṣù yìí?
Á sì kan ilẹ̀kùn òùngbẹ kó tètè jí.
Púrójẹ́sítírónì á ní: Rárá, ẹ jẹ́ kí iyọ̀ máa lọ.
Á wá jókòó sórí àga ẹni tó ń ṣọ́ iyọ̀,
kò ní ṣiṣẹ́, kò ní dìde.
Ara á fara ya,
á rán ọ̀pọ̀ aṣọ́yọ̀ sí i, kí wọ́n wá bá a du àga.
Nínú ìfagagbága yẹn, omi ń sá sí kọ̀rọ̀:
sẹ́sẹ̀, sọ́mú, síbi tí síìpù ti kọ̀.”

Ganíyátù fọwọ́ kan ikùn rẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ tó ń lọ níbẹ̀.
“Ó máa ń wú obìnrin kan, kì í wú òmíràn,” ni Odílì wí.
“Ṣùgbọ́n bí aboyún bá wú lójú, tí orí ń fọ́ ọ,
má wọ̀n ọ́n. Gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, kí ẹ máa bọ̀.”

Mo rántí oyún Ràṣídátù,
bí ẹsẹ̀ mi ti dà bí búrẹ́dì tó mumi,
tí ìyá mi gbé ìkòkò iyọ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn
láìsọ ìdí.
Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí nǹkan oṣù ti já mi sílẹ̀.
Òrùka mi ń yọ nígbàkígbà tí mo bá fẹ́.
N kò rò pé irú ẹ̀ lè ṣeni láàárò.

Ganíyátù padà wá lọ́jọ́ kẹjọ.
Síìpù gòkè, ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Kò tọrọ àforíjì. Ó san ìyókù owó, ó rẹ́rìn-ín.

Mo ti fa ilà tuntun sínú ìwé ìwọ̀n mi,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká àti àyà: *ọjọ́*.
Mo máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ béèrè,
mo sì ń fi ìka méjì aṣọ sínú ojúrán,
fún omi tó máa dé, fún omi tó máa lọ.
Yẹ̀rì Àǹtí Odílì ò tíì parí.
Ó ní òun ò kánjú.